Ẹ̀tọ́ Àwọn Ajagunfẹ̀yìntì Ará Fílípíìnì àti Ẹbí Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ìtọ́jú àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń bá àwọn ará Fílípíìnì ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹni tí ó bá ti bá wọn jókòó pẹ́ yóò gbọ́ nípa bàbá àgbà tí ó jagun lábẹ́ àsíá Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì fi owó rẹ̀ falẹ̀ títí ó fi dolóògbé. Mo kọ ìdáhùn wọ̀nyí fún ẹni tí ó fẹ́ mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà àti fún ẹni tí ó fẹ́ ran opó tàbí ọmọ irú ajagun bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Báwo ni ará Fílípíìnì ṣe di ọmọ-ogun Amẹ́ríkà?

Ní ọdún 1898 ni Sípéènì fa ilẹ̀ Fílípíìnì lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Ní ọdún 1935 wọ́n gbé ìjọba abẹ́lé kalẹ̀ níbẹ̀ láti múra sílẹ̀ de òmìnira, ṣùgbọ́n àsíá Amẹ́ríkà ṣì ń fẹ́ lókè. Nígbà tí ogun ń rùn bọ̀, Ààrẹ Franklin Roosevelt pàṣẹ ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, ọdún 1941, pé kí àwọn ọmọ-ogun ìjọba abẹ́lé náà wá sábẹ́ àṣẹ ológun Amẹ́ríkà. Ìwé àṣẹ yìí ni gbòǹgbò gbogbo ẹ̀tọ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kàn yọ̀ǹda ara wọn láti ran ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Ààrẹ Amẹ́ríkà ló pè wọ́n.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni Jàpáànù kọlù wọ́n. Bataan, agbègbè kan ní Fílípíìnì tí wọ́n ti ń dènà ọ̀tá, ṣubú ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, ọdún 1942, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ da àwọn ọmọ-ogun tí ebi àti ibà ti sọ di egungun láti Mariveles dé San Fernando, kí wọ́n tó kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí àgọ́ ìfinisẹ́wọ̀n O'Donnell. Ọ̀pọ̀ kú lójú ọ̀nà, púpọ̀ sí i sì kú nínú àgọ́. Àwọn tí ó sá wọ igbó di gẹ̀rílà, wọ́n sì ń bá Jàpáànù jà láti ibẹ̀ títí Ọ̀gágun MacArthur ti Amẹ́ríkà fi gúnlẹ̀ sí erékùṣù Leyte ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1944. Àwọn bàbá tiwa náà kojú Jàpáànù kan náà ní Burma lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kò yẹ kí ìtàn yìí ṣe àjèjì sí wa.

Òfin ọdún 1946 tí wọ́n máa ń sunkún lé lórí, kí ni ó sọ?

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ọdún 1946, nígbà tí òmìnira Fílípíìnì ku nǹkan bí oṣù mẹ́rin ààbọ̀, Ààrẹ Harry Truman fọwọ́ sí òfin ìnáwó kan tí ó ya igba mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Fílípíìnì. Inú òfin náà ni wọ́n fi gbólóhùn kan pamọ́ sí, tí ó ní a kò gbọdọ̀ ka iṣẹ́ ogun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe sí iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní ti ẹ̀tọ́ àti àǹfààní, àyàfi àwọn nǹkan díẹ̀. Nínú àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀ ni owó gbà-má-bínú fún ẹni tí ogun sọ di aláàbọ̀ ara àti owó fún ẹbí ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n wọ́n ní pésò kan ni kí a máa san níbi tí ọmọ Amẹ́ríkà yóò ti gba dọ́là kan. Ní àkókò yẹn, pésò méjì ló ń ṣe dọ́là kan. Ibẹ̀ gan-an ni “ìdajì owó” tí ẹ ó máa gbọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ìdajì yìí kò sì tíì tán pátápátá títí di òní.

Truman fúnra rẹ̀ sọ nígbà tí ó fọwọ́ sí i pé òfin náà kò bọ́ ẹrù ojúṣe kúrò lọ́rùn Amẹ́ríkà. Ó mọ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Lójú tèmi, ojúṣe tí ènìyàn jẹ́wọ́ tí kò san jẹ́ gbèsè.

Ṣé gbogbo wọn ni òfin náà kàn?

Rárá, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ẹbí kan ni: inú ẹgbẹ́ wo ni bàbá wà? Ọ̀nà mẹ́rin ni òfin pín wọn sí.

Àwọn àkọ́kọ́ ni Philippine Scouts àtijọ́, ẹgbẹ́ tí Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 1901. Ojúlówó ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ni wọ́n, òfin 1946 kò sì fọwọ́ kàn wọ́n. Gbogbo ẹ̀tọ́ tí ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà ní ni àwọn náà ní, títí kan owó ìfẹ̀yìntì fún ẹni tí kò rí jẹ. Sájẹ́ǹtì Jose Calugas, tí wọ́n fún ní Medal of Honor, àmì-ẹ̀yẹ akin tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, nítorí akin tí ó ṣe ní Bataan ní oṣù Kìíní, ọdún 1942, wà lára wọn. Àwọn kejì ni Scouts tuntun, tí wọ́n gbà síṣẹ́ láàárín ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá, ọdún 1945, àti ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, ọdún 1947, lẹ́yìn tí ìbọn ti dákẹ́. Àwọn kẹta ni ọmọ-ogun ìjọba abẹ́lé tí Roosevelt pè. Àwọn kẹrin ni gẹ̀rílà tí ológun Amẹ́ríkà fọwọ́ sí orúkọ wọn.

Orúkọ Scouts nìkan kò tó láti dá ènìyàn lójú. Mo ti rí ẹbí tí wọ́n rò pé ti àtijọ́ ni bàbá wọn, tí ọjọ́ ìgbasíṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé sì fi hàn pé ti tuntun ni. Ẹ wo déètì náà kí ẹ tó ṣèlérí ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni.

Kí ni ẹ̀rí tí ìjọba Amẹ́ríkà máa ń gbà?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ẹ̀ka ìjọba tí ó ń bójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí VA, kì í fúnra rẹ̀ pinnu ẹni tí ó jagun. Ohun tí àkọsílẹ̀ ológun Amẹ́ríkà bá sọ ni VA gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, ilé ẹjọ́ sì ti fìdí èyí múlẹ̀. Ibi ìpamọ́ ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ológun ní St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ni wọ́n ti máa ń wá orúkọ. Ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ìjọba Fílípíìnì, fọ́tò pẹ̀lú aṣọ ogun, káàdì ẹgbẹ́ ajagunfẹ̀yìntì, ẹ̀rí ọ̀gá tí wọ́n jọ wà nínú igbó: gbogbo wọn dára, ṣùgbọ́n bí orúkọ kò bá sí ní St. Louis, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń dá ìbéèrè náà padà.

Ẹ ro ti gẹ̀rílà wò. Ẹni tí ń bá ọ̀tá jà nínú igbó kì í kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ìwé tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn Jàpáànù yóò pa gbogbo ará abúlé. Ọ̀pọ̀ ló sì ń jẹ́ orúkọ mìíràn nínú igbó. Lẹ́yìn ogun, orúkọ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n kó wá fún ìfọwọ́sí. Nǹkan bí 260,000 ni ológun Amẹ́ríkà gbà títí di ọdún 1948. Ó dájú pé àwọn oníjìbìtì wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ó dájú pẹ̀lú pé àwọn tí ó jagun lóòótọ́ wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀.

Ìwé kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, èyí ni ìwé ìbúra tí ọmọ-ogun kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́yìn ogun, tí ó fi sọ ibi tí ó wà lóṣooṣù, ọ̀gá tí ó sìn, àti ọgbẹ́ tàbí àìsàn tí ó ní. Ẹ fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ọdún 1946, tí ó ń tò láti gba owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́ kí ó lè padà sí oko. Ó dé ibi tí wọ́n ti bi í léèrè nípa àìsàn, ó kọ “kò sí,” ó tẹ ìka rẹ̀ sí i, ó sì lọ. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí opó rẹ̀ ń wá ẹ̀tọ́, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni òṣìṣẹ́ VA máa ń nàka sí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè fún ẹ̀dà ìwé ìbúra náà kí ẹ tó kọ ohunkóhun ránṣẹ́, kí ohun tí ẹ bá kọ má baà tako ohun tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2012, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti yẹ ọ̀nà ìwádìí yìí wò, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ológun ṣì ni òpó tí gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Orúkọ tí ó wà lórí ìwé kò bá ti bàbá mu dáadáa. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Kò tíì bàjẹ́. Lẹ́tà kan lè yí padà, orúkọ ìdílé ìyá lè jókòó sáàyè orúkọ bàbá, “Ma.” lórí ìwé ìgbéyàwó sì lè jẹ́ “Maria” lórí ìwé ìrìbọmi. Ẹ kọ gbogbo bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ náà, ẹ fi ọjọ́ ìbí, ìlú, orúkọ òbí àti orúkọ ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ kún un, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún ìwádìí náà ṣe. Orúkọ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ lọ́nà kan ṣoṣo kì í sábà tó.

Owó wo ni ajagun tí ogun sọ di aláàbọ̀ ara lè gbà?

Owó oṣooṣù fún àìlera tí iṣẹ́ ogun fà ni, bí àìlera náà sì ṣe pọ̀ tó ni owó ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tí ń gbé Fílípíìnì, yálà ọmọ-ogun ìjọba abẹ́lé, gẹ̀rílà tàbí Scout tuntun, yóò gba àádọ́ta sẹ́ǹtì lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2000 ni òfin ti yí padà fún ọmọ-ogun ìjọba abẹ́lé àti gẹ̀rílà tí ń gbé Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílùú tàbí ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú títí láé, tí wọ́n sì ń gba owó kíkún. Ní ọdún 2003 wọ́n fi àwọn Scouts tuntun kún un, wọ́n sì mú owó opó náà wọ inú rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni òfin ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn VA sílẹ̀ fún àwọn tí ń gbé Amẹ́ríkà.

Ẹni tí Jàpáànù kó lẹ́rú ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ ẹbí kò mọ̀. Àwọn àìsàn kan wà tí VA gbà pé àgọ́ ìfinisẹ́wọ̀n ló fà wọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún ń wá ẹ̀rí kiri, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun ni wọ́n hàn. Àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ wà lára wọn. Fún ẹni tí ó lo ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ ní àgọ́, àrùn beriberi, tí àìjẹun-dáadáa ń fà, àti ìgbẹ́ ọ̀rìn tí kò lọ bọ̀rọ̀ tún wà níbẹ̀. Bí ìwé ikú bàbá bá sọ pé àrùn ọkàn ló pa á, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó lọ sí O'Donnell, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún opó rẹ̀ pé ikú àgbà lásán ni.

Bí ẹni tí ń gba owó kíkún bá lọ kí ẹbí ní Manila, ṣé wọn yóò gé owó rẹ̀?

Ó ṣeé ṣe. Bí ó bá kúrò ní Amẹ́ríkà ju ọgọ́ta ọjọ́ léra wọn lọ, tàbí tí àpapọ̀ ọjọ́ tí kò fi sí nílé bá pé 183 láàárín ọdún kan, ìdajì owó ni yóò padà máa gbà títí yóò fi dé. Àpótí lẹ́tà nìkan kò sì tó láti fi hàn pé ènìyàn ń gbé Amẹ́ríkà. Wọ́n máa ń béèrè ìwé owó iná, ìwé ilé tàbí ìwé awakọ̀.

Kí ni owó 15,000 dọ́là tí gbogbo ènìyàn ń sọ?

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì, ọdún 2009, Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí òfin ìmúbọ̀sípò ọrọ̀ ajé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ya 198 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún àwọn ajagun wọ̀nyí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n san án: 15,000 dọ́là fún ẹni tí ó ti di ọmọ Amẹ́ríkà, 9,000 dọ́là fún ẹni tí kò tíì dì í. Àwọn Sẹ́nétọ̀ Daniel Inouye àti Daniel Akaka láti Hawaii wà lára àwọn tí ó jà fún un, àwọn arúgbó náà sì ti jà fún ara wọn: ní ọdún 1997 àwọn kan so ara wọn mọ́ ọgbà White House pẹ̀lú ṣéènì.

Ọdún kan péré ni wọ́n fún wọn láti kọ̀wé béèrè, àǹfààní náà sì ti parí ní oṣù Kejì, ọdún 2010. Ó lé ní 42,000 ènìyàn tí ó béèrè, àwọn tí ó rí gbà lé díẹ̀ ní 18,000. Bí ajagun bá kọ̀wé béèrè tí ó sì kú kí owó tó jáde, opó rẹ̀ ló lè gbà á. Òfin kò fún àwọn ọmọ ní ohunkóhun nínú rẹ̀. Mo ń sọ èyí tagbáratagbára nítorí pé àwọn ènìyàn ṣì ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ àwọn ajagun pé àwọn yóò bá wọn gba 15,000 dọ́là jáde. Ilẹ̀kùn yẹn ti tì.

Ẹ̀tọ́ wo ló kù fún opó?

Owó oṣooṣù tí wọ́n ń pè ní DIC wà fún opó ajagun tí àìlera láti ojú ogun pa. Ó ní láti fi hàn pé òun ni aya rẹ̀ lábẹ́ òfin, pé àwọn jọ gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé, àti pé ikú náà ní í ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ ogun. Fọ́ọ̀mù 21P-534EZ ni wọ́n ń kọ. Bí ó bá kọ ọ́ láàárín ọdún kan tí ọkọ kú, wọn yóò ka owó náà láti ìgbà ikú. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, láti ìgbà tí ìwé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn ni.

Bí opó bá fẹ́ ọkọ mìíràn, owó náà lè dúró. Ẹni tí ó ti pé ọdún 57 kí ó tó tún ọkọ fẹ́ kì í pàdánù rẹ̀, òfin sì ti sọ ọ́ di ọdún 55 fún ìgbéyàwó tí ó wáyé láti ọjọ́ 5 oṣù Kìíní, ọdún 2021. Kí opó má sì rò pé àìlọ ṣọ́ọ̀ṣì gba ìwé ni yóò gbà á là: bí ó bá ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin kan tí ó sì ń fi ara rẹ̀ hàn láwùjọ bí aya rẹ̀, VA lè kà á sí ẹni tí ó ti tún ọkọ fẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dé àdúgbò béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Kí ó sọ òtítọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló dára jù.

Àwọn ọmọ ńkọ́?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tàbí tí kò tíì pé 23 tí ó ṣì wà ní ilé ìwé, ni òfin mọ̀, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọjọ́ orí ti yọ gbogbo wọn kúrò. Ẹni tí ó kù ni ọmọ tí àìlera ńlá ti bá kí ó tó pé ọdún 18, tí kò sì lè bọ́ ara rẹ̀ láéláé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ti pé ọgọ́ta ọdún báyìí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣì wà. Ìwé dókítà láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ẹ ó wá.

Níbo ni wọ́n ti lè sin ajagun náà?

Láti ọdún 2000, ọmọ-ogun ìjọba abẹ́lé àti gẹ̀rílà tí ó kú sí Amẹ́ríkà bí ọmọ onílùú tàbí ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú lè sùn ní itẹ́ òkú orílẹ̀-èdè. Ní Fílípíìnì, Libingan ng mga Bayani ní Taguig ni itẹ́ àwọn akọni.

Ajagun tí ó dá nìkan wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ padà sílé. Ṣé yóò pàdánù owó tí ó fi ń jẹun?

Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1999 wà fún irú rẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó ti pé ọdún 65 kí òfin náà tó jáde, tí ó sì ń gba SSI, owó ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún arúgbó tí kò rí jẹ, lè padà sílé kí ó máa gba ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó SSI ìjọba àpapọ̀. Ọ̀pọ̀ arúgbó tí ń há mọ́ ara wọn nínú yàrá kan ní California ló tipa bẹ́ẹ̀ padà sọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ.

Kí nìdí tí ìyàwó àti ọmọ kò fi sí lọ́dọ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀?

Òfin ọdún 1990 fún àwọn ajagun ní ẹ̀tọ́ láti di ọmọ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò fún àwọn ọmọ wọn. Ọmọ tí ó ti dàgbà gbọ́dọ̀ tò fún ìwé ìwọ̀lú, ìlà náà sì ju ogún ọdún lọ fún àwọn kan. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, ọdún 2016, ìjọba ṣí ètò kan tí ó jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọlé wá tọ́jú òbí nígbà tí ó ṣì ń dúró de ìwé. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ pa ètò náà rẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó san owó fọ́ọ̀mù, kí ó kọ́kọ́ bi lọ́yà tí ó mọ òfin ìwọ̀lú.

Kí ni ìjọba Fílípíìnì fúnra rẹ̀ ń ṣe?

Ọ́fíìsì ìjọba Fílípíìnì tí wọ́n ń pè ní PVAO ló ń bójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Òfin Republic Act 11164 sọ owó oṣooṣù arúgbó ajagun di 20,000 pésò láti 5,000. Ilé ìwòsàn ńlá wọn, Veterans Memorial Medical Center, wà ní Quezon City. Owó Amẹ́ríkà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ rántí pé àkọsílẹ̀ PVAO àti ti Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀kan náà: ẹni tí PVAO ń san owó fún lè máà sí lórí ìwé St. Louis rárá.

Ṣé àmì-ẹ̀yẹ wúrà tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà fi dá àwọn ajagun wọ̀nyí lọ́lá ní owó nínú?

Rárá. Obama fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, ọdún 2016, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ ní ilé aṣòfin ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, ọdún 2017. Iyì ni, ó sì tọ́ sí wọn.

Ta ni kí ẹbí lọ bá, èló sì ni yóò san?

Ní Fílípíìnì, ọ́fíìsì VA wà ní Manila. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aṣojú tí VA fún ní ìwé àṣẹ wà nínú àwọn ẹgbẹ́ ajagunfẹ̀yìntì. Òfin Amẹ́ríkà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gba owó lórí kíkọ ìbéèrè àkọ́kọ́, nítorí náà ẹni tí ó bá ní kí opó mú owó wá kí òun tó kọ fọ́ọ̀mù fún un ti ṣẹ̀ sí òfin. Kí opó mú ìwé ikú, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ogun ọkọ rẹ̀ lọ, kí ó mú ẹ̀dà wọn fún òṣìṣẹ́, kí ó sì gbé ojúlówó padà sílé.